Bí Pẹ́pẹ́yẹ Pupa Ṣe Padà Sílé Àna

Ẹ sún mọ́ ibi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u tán, nítorí bí mo bá ti wọ inú igbó pẹ̀lú ìtàn yìí, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi Ajíbógundé ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n gbúròó ẹsẹ̀ mi tó yà bàrá kúrò lọ́nà, èmi tí mo bú ẹkùn lójúkojú tí ẹkùn náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn un nì, mo rí ọ o! Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mí díẹ̀ pé kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́dínà ọ̀rẹ́ mi ni, ọdẹ bíi tèmi, àfi pé ìbọn tèmi ń ba ẹran ju tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ọdẹ́dínà ṣì jẹ́ géńdé, ó bá òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìgbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé, ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ọkọ̀ eré sísá ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣe fàájì. Ó pupa fòò, ó kúrú, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìjókòó méjì péré ló ní, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, o sì lè ká a sẹ́yìn kí atẹ́gùn máa fẹ́ ọ lójú. Bó bá bọ́ sí ojú ọ̀nà gbágungbàgun, ìdí rẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún mì sósì, ni àwọn ará àdúgbò bá sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ Pupa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bọ́ sí títì tó tẹ́jú! Kẹ́ẹ tó wí pé ó ń bọ̀, ó ti lọ.

Ọkọ̀ yìí ló fi gbé Ṣẹ́gilọlá, ọmọ Àwẹ̀ró ti ìlú Òkè-Àgbède, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró. Kò tọrọ, kò dána, kò gbé ẹyọ iṣu kan lọ kí àna. Létí odò ló ti bá ọmọge náà, ó ká òrùlé sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín sí i, Ṣẹ́gi gbé korobá omi kalẹ̀, ó wọlé, wọ́n ti lọ nìyẹn. Korobá nìkan ni Ìyá Àwẹ̀ró bá létí odò. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí o! Inú bí i, ó gba ilé àgbẹ̀dẹ lọ, ó ní kí Ògúnmọ́dẹdé, àgbẹ̀dẹ ìlú, gbé irin wá. Ó fi ahọ́n kan irin, ó ní, "Ojú mi kò ní kan ojú Ṣẹ́gilọlá mọ́, àfi bí ohun tó gbé e lọ bá tún gbé e padà wá."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tó bá fi ẹnu lásán bínú lè ní kí wọ́n má bínú sí òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ahọ́n kan irin ti fi Ògún ṣe ẹlẹ́rìí, Ògún kì í sì í gbọ́ pé "inú ló bí mi." Kí Ọdẹ́dínà tó gbójúgbóyà láti lọ bẹ àna rẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ ti kú. Ó kú pátápátá. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀, ó sì dípẹtà débi pé tí o bá fi ìka kàn án, ìka á wọlé.

Àṣé ìfẹ́ kò tán nínú ìyá. Lọ́dọọdún ni Ìyá Àwẹ̀ró ń fi irú àti olú gbígbẹ ránṣẹ́ sí Ṣẹ́gi. Ó ń gba àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ní ọmọdé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ṣẹ́gi fúnra rẹ̀ bá lọ, ẹ̀yìn ògiri ni yóò kúnlẹ̀ sí, yóò kí ìyá rẹ̀ láti ìta, ìyá rẹ̀ yóò sì dá a lóhùn láti inú ilé. Wọn á sọ̀rọ̀, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sunkún, ògiri á wà láàárín. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí irun Ṣẹ́gi fi funfun. Ìgbà tó lọ gbẹ̀yìn, ohùn tó ti inú ilé wá ti tín-ín-rín débi pé ó ní láti fi etí lẹ ògiri kó tó gbọ́ ọ. Ó délé, kò jẹun.

"Bàbá Ìbídàpọ̀," ó ń pe ọkọ rẹ̀, "màámi ń lọ. N kò tí ì mọ bí ojú wọn ṣe rí lágbà."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ọdẹ́dínà lọ́kàn. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó lé adìyẹ jáde kúrò nínú Pẹ́pẹ́yẹ. Ó kó gbogbo mẹ́káníìkì ìlú jọ, wọ́n wò ó títí, wọ́n ń mi orí. Olórí wọn wá ní, "Baba, ẹ̀yà ara irú ọkọ̀ yìí kò sí lọ́jà kankan mọ́. Àwọn tó ṣe é ti kú, iṣẹ́ mìíràn sì ni àwọn ọmọ wọn ń ṣe. Àfi kí ẹ gbé e lọ sí Igbó Òkú-Irin, níbi tí gbogbo irin ń lọ bí wọ́n bá kú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, òfin ibẹ̀ ni pé bí o bá gba tuntun, o ó fi ògbólógbòó sílẹ̀."

Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́. Ọdẹ́dínà so okùn mọ́ imú Pẹ́pẹ́yẹ, ó fi okùn náà kọ́ èjìká, ó ń fà á. Ṣẹ́gi jókòó sínú rẹ̀, ó di sítíárìn mú. Bí òkúta bá wà lọ́nà, Ṣẹ́gi á kígbe, "Ẹ yà sọ́tùn-ún!" Ọdẹ́dínà á ní, "Ìwọ ni sítíárìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ ni kí o yà!" Báyìí ni wọ́n ń bá ara wọn jà títí wọ́n fi kúrò nínú ayé tí ẹ̀yin mọ̀. Ká ní èmi ni, ọwọ́ kan ni ǹ bá fi fà á, ǹ bá máa fi èkejì jẹ àkàrà.

Ẹnu ibodè igbó náà ni Ọlọ́nà-Kò-Sí wà. Iwin yìí ga ju ìrókò lọ, iná iwájú ọkọ̀ ńlá ló fi ṣe ojú, èéfín ń jáde ní etí rẹ̀ méjèèjì, táyà ló sì wọ̀ sẹ́sẹ̀ bíi bàtà. Ó na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin ará ayé, ẹ já àlọ́ mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó fi yín di ihò táyà mi. Kí ló ń mu láìjẹ, tó ń gbé èèyàn láìbímọ, tí wọ́n tẹ̀ ní àyà tó figbe ta?"

Ọdẹ́dínà laagùn. Ó ń ronú ẹran gbogbo tó ti pa rí. Ó ní erin, iwin ní rárá. Ó ní ẹṣin, iwin gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti tẹ̀ ẹ́. Ni Ṣẹ́gi bá fi ọwọ́ lu àárín sítíárìn níwájú rẹ̀, fèrè Pẹ́pẹ́yẹ tí kò dún láti ọjọ́ pípẹ́ sọ gẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun. Ṣẹ́gi ní, "Ọkọ̀ ni! Kí ni ẹ̀ ń wá erin lọ sí, nígbà tó jẹ́ pé inú ohun tí wọ́n ń bi yín ni mo jókòó sí?"

Iwin bú sẹ́rìn-ín débi pé iná ojú rẹ̀ kan kú. Ó ní àlọ́ òun kò ní olùjá láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, nítorí ọ̀nà jíjìn ni gbogbo wọn ń wò. Ó pe ọmọ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde, ó bọ́ táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn, tuntun tó ń dán, ó sì kó ti àtijọ́ tó ti jẹrà lọ. Ni Pẹ́pẹ́yẹ bá ń yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí Ọdẹ́dínà ń súfèé lábẹ́ okùn. Inú rẹ̀ dùn ju ọjọ́ tó kọ́kọ́ pa ẹran lọ.

Ìgbà tí inú èèyàn bá dùn báyìí ni kó máa ṣọ́ra. Ìlú tí wọ́n kàn ni Ìlú Kò-Lábùkù. Ibẹ̀, àwọn èèyàn ń dán láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, epo ni wọ́n fi ń para láàárọ̀, òwú ni wọ́n fi ń nu ara wọn lọ́sàn-án. Wọn kì í sáré kí wọ́n má baà ṣubú, wọn kì í rẹ́rìn-ín kí ojú wọn má baà hunjọ. Bí wọ́n ti rí ara Pẹ́pẹ́yẹ tó ti dípẹtà, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ Ọdẹ́dínà, wọ́n ha á, wọ́n gé ibi tó jẹrà dànù, wọ́n rọ ilẹ̀kùn tuntun, wọ́n rán òrùlé tuntun, wọ́n ṣe ìjókòó aláwọ, wọ́n pààrọ̀ sítíárìn àti fèrè, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ẹ̀yin ará mi, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i! Ọdẹ́dínà dúró síwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

"Èmi náà wà níbí o," ni Ṣẹ́gi wí. "Kò sẹ́ni tó pa èmi lórí láàárọ̀ yìí."

"Ìwọ ni mo ṣe ń ṣe é, arẹwà mi."

"Ẹ ṣáà máa pa orogún mi lórí. Mo ti rí yín."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ máa lọ, Ìyálóde ìlú náà, ẹni tó dán débi pé eṣinṣin ń yọ̀ lára rẹ̀, ní kí wọ́n ti ibodè. Ó ní, "Ohun tó bá ti pé kò gbọdọ̀ jáde níbí mọ́. Eruku wà níta. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó, a ó ha àpá tó wà lára yín kúrò." Ni wọ́n bá ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọdẹ́dínà gbé ìbọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti nu ìbọn náà débi pé ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà mí.

Ṣẹ́gi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó tẹ̀ lọ sí ẹ̀bá kànga, ó po ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ ọ́, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ lẹ ilẹ̀kùn Pẹ́pẹ́yẹ tuntun náà, pàà! Ó lẹ ẹ́ síwájú, ó lẹ ẹ́ sẹ́yìn, ó tún nu èyí tó kù sí iwájú ẹ̀wù ọkọ rẹ̀. Àwọn ará Kò-Lábùkù figbe ta bí ẹni pé wọ́n fi iná jó wọn. Àwọn kan dákú, àwọn yòókù fúnra wọn ṣí ibodè, wọ́n ń ti ọkọ̀ náà jáde, wọ́n ń wí pé, "Ẹ gbé e lọ! Ẹ gbé e lọ!" Ọdẹ́dínà fẹ́ bínú nítorí ọ̀dà ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé jàǹdùkú ni òun gbé lọ létí odò lọ́jọ́sí.

Ó kù kí wọ́n rí ẹni tí yóò jí ẹ́ńjìnnì. Èyí nìkan ló ṣẹ́ kù lára Pẹ́pẹ́yẹ àtijọ́, Ọdẹ́dínà sì ti pinnu pé títún ṣe ni wọn yóò tún un ṣe, kò ní gba pààrọ̀, kí ohun kan má ṣàìkù nínú ohun tó gbé Ṣẹ́gi lọ. Àárín gbùngbùn Igbó Òkú-Irin ni wọ́n ti bá Baba Ẹwìrì, ẹni tí ń jí irin tó kú. Ìhòòhò ni láti ìbàdí sókè, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, oòrùn kékeré kan ló fi ṣe iná ìdáná, òkè ńlá ló sì fi ṣe òòlù. Bí ilẹ̀ ti ń mì báyìí, àyà Ọdẹ́dínà já. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí!"

Háà! Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ ti rí àṣìṣe rẹ̀. Baba Ẹwìrì dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Ta ni ń jẹ́ Kábíyèsí níbí? Ṣé o rí adé lórí mi? Àwọn ọba jókòó, èmi ń ṣiṣẹ́! O bá mi lẹ́nu iṣẹ́, òógùn bò mí, o kò lè kí mi kú iṣẹ́? Ọ̀lẹ lo pè mí!" Inú bí i, ó ki ọwọ́ kan bọ imú Pẹ́pẹ́yẹ, ó fa ẹ́ńjìnnì yọ bí ẹni fa ìgbín yọ nínú ìkarahun, ó jù ú sínú àbàtà tí kò nísàlẹ̀. Ó ró gbì. Àbàtà pa ẹnu dé.

Ọdẹ́dínà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Kò lè dìde. Ṣẹ́gi ló sọ̀kalẹ̀, tó kúnlẹ̀ níbi tí ooru iná kò ti ní jó o, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, baba. Ẹ kú òógùn ojú. Ògún á gbè yín o. Ẹ má bínú sí ọkọ mi, ẹ̀rù ló gbá ọ̀rọ̀ dànù lẹ́nu rẹ̀."

Ojú Baba Ẹwìrì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Ògún á gbè wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nìyí. Kí lẹ wá ṣe?" Ṣẹ́gi rò gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìbúra ìyá rẹ̀ dórí ohùn tó ti tín-ín-rín. Baba Ẹwìrì mi orí. Ó ní, "Mo mọ ìbúra náà. Gbogbo irin tí wọ́n fi ahọ́n kàn láyé, ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀. N kò lè tú u. Ohun tí mo sì jù sínú àbàtà yẹn, èmi fúnra mi kò lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n n ó rọ ọkàn mìíràn fún ọkọ̀ yín." Ó rọ ẹ́ńjìnnì náà, ó gbé e sínú Pẹ́pẹ́yẹ, ó ní kí Ọdẹ́dínà dìde kó tẹ̀ ẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́, ó sọ kẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sọ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, ó tún dákẹ́. Ọdẹ́dínà gbé orí lé sítíárìn. Ṣẹ́gi gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹ tún un tẹ̀." Ó tún un tẹ̀. Akólòlò pe baba! Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, igbó dáhùn, ẹyẹ fò lórí igi, Baba Ẹwìrì fúnra rẹ̀ ju òòlù sílẹ̀ ó ń jó. Ọdẹ́dínà ń ké bí ọmọdé, "Ṣẹ́gi, ó ń mí! Ó ń mí!"

Ṣùgbọ́n Ṣẹ́gi kò jó. Bí wọ́n ti ń sáré bọ̀ wálé, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọn lójú, ó ní, "Bàbá Ìbídàpọ̀, táyà ti lọ. Ara ti lọ. Ìjókòó, sítíárìn, fèrè, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ọkàn rẹ̀ wà nínú àbàtà. Kí ló kù nínú ohun tó gbé mi lọ?"

Ọdẹ́dínà fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi ṣáà kù." Àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ọkọ̀ ni ìbúra náà ń sọ, kì í ṣe ẹni tó wà á.

Bí wọ́n ti wọ Òkè-Àgbède, gbogbo ìlú tú jáde. Ṣẹ́gi fi ìborùn bo ojú pátápátá kí ìyá rẹ̀ má baà ṣèèṣì rí i kí ìbúra sì jà. Wọ́n gbé àpótí fún Ìyá Àwẹ̀ró síta, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀. Ó ti kéré, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Ó ní kí wọ́n pe Ògúnmọ́dẹdé, àgbẹ̀dẹ tó gbé irin fún un lọ́jọ́ náà, kó yẹ ọkọ̀ wò.

Arúgbó náà yí ọkọ̀ po. Ó tẹ táyà, ó ṣí imú, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn, ó tẹ́tí. Ó jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, kò sì dùn mọ́ ọn láti sọ ọ́. Ó ní, "Àwẹ̀ró, irin kì í purọ́, èmi náà kò ní purọ́ fún irin. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni. Ara tuntun ni. N kò rí ohun kan ṣoṣo níbí tó wà lára èyí tó gbé e lọ."

Lábẹ́ ìborùn, Ṣẹ́gi ń sunkún. Ọdẹ́dínà ti dojú bolẹ̀ nínú eruku.

Ìyá Àwẹ̀ró kò yí padà. Ó ní, "Ògúnmọ́dẹdé, ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣí ìborùn rẹ̀, kí o ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi. Irun rẹ̀ dúdú?"

"Ó ti funfun, Àwẹ̀ró."

"Eyín rẹ̀ pé?"

"Ó ti yọ díẹ̀."

"Ọmọge tó lọ, awọ ojú rẹ̀ ń dán bí ẹ̀gúsí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ó ṣì ń dán?"

"Ó ti hunjọ."

"Kí ló wá kù nínú èyí tó lọ?"

Ògúnmọ́dẹdé wo ojú Ṣẹ́gi. Ó ní, "Àwẹ̀ró, Ṣẹ́gi mà ni."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Bí òun bá ṣì jẹ́ Ṣẹ́gi, ọkọ̀ náà ṣì ni ọkọ̀ tó gbé e lọ. Kí irin tó gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn gbọ́ mi lónìí." Ó sì yí padà.

N kò ní lè sọ bí wọ́n ṣe wo ara wọn fún yín. Mo ti dojú kọ iwin olórí mẹ́rìndínlógún láìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣẹ́gi ń ròyìn èyí fún mi, mo díbọ́n pé mò ń wá aáṣáà mi nílẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ pa ojú ọmọ rẹ̀, ó pa irun funfun náà, ó pa gbogbo ibi tó ti hunjọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bọ́ sílẹ̀."

Ṣẹ́gi bọ́ sílẹ̀.

"Ràn mí lọ́wọ́ kí n wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ jókòó síbi tí o jókòó sí lọ́jọ́ tí o fi mí sílẹ̀, kí n mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Wọ́n gbé e sínú ìjókòó. Ọdẹ́dínà ká òrùlé sẹ́yìn, ó di sítíárìn mú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀. Ó gbé àna rẹ̀ yí ìlú po. Ó rọra ń lọ, Ìyá Àwẹ̀ró ní ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọra lọ lọ́jọ́sí? Ni ó bá tẹ̀ ẹ́! Gèlè fò lọ lórí ìyá àgbà, kò bojú wẹ̀yìn wò ó. Nígbà tí wọ́n padà dé, irun rẹ̀ dúró, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ bóyá atẹ́gùn ló fà á.

Ṣẹ́gi sáré dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Màámi, ṣé kò rẹ̀ yín?"

Ìyá Àwẹ̀ró di ilẹ̀kùn mú, kò sọ̀kalẹ̀.

"Ṣẹ́gi," ó ní, "ká ní èmi ni wọ́n gbé irú èyí wá bá lọ́mọge, èmi náà ì bá lọ."

Ẹnu mi ti gbẹ, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bu omi fún mi. Ẹ máa lọ sílé yín. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé nínú yín, kó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.